Pátákó Lẹ́tà Tí Mo Há Sórí

Ojú mi ló ṣe. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi, mi ò sì gbọ́ ọ lórí rédíò. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, èmi Làsísì, tí wọ́n mọ̀ ní Muṣin sí Àdìsá Oní-tánkà, ojú ara mi ni mo fi rí i, nígbà tí méjèèjì ṣì pé àti lẹ́yìn tó ku ẹyọ kan. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó wá bá mi nílé. Ṣùgbọ́n kó má gba apá òsì mi wọlé o, nítorí mi ò ní rí i, mo sì lè ṣèèṣì gbá a létí.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Púráímárì kẹta ni mo dé tí bàbá mi fi fà mí lé mẹkáníìkì lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ bá di ti ọkọ̀ wíwà, kí gbogbo ọ̀mọ̀wé dákẹ́ kí n sọ tèmi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi wa tánkà omi fún ìjọba. Àdúgbò tí ẹ̀rọ omi wọn bá ti gbẹ, èmi ni wọ́n ń rán lọ. Mo lè fi ẹ̀yìn tánkà wọ ojúlé tí ewúrẹ́ sùn sí lọ́tùn-ún lósì, kí ọ̀kankan nínú wọn má jí. Ẹ lọ béèrè.

Ohun méjì ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń kà á ló ní irú àìsàn tó ṣe mí, ẹ ò sì tíì mọ̀. Èkejì, òfin kan wà tí àwa òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì ń bá ìjọba fà. Mi ò ní dákẹ́ lórí rẹ̀ títí ojú kan tó kù fún mi yìí yóò fi rí i nínú ìwé òfin.

Ó ku bí ọdún méjì àbọ̀ kí n fẹ̀yìn tì nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Kò dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn: àìsàn yìí kì í dunni. Tó bá dunni ni, ǹ bá ti sáré. Tí mo bá wo gílóòbù, mo ń rí àwọ̀ bí òṣùmàrè tó yí i ká. Mo ní epo jẹnẹrétọ̀ ni kò dáa. Mo bu omi sí kọ́ọ̀pù, omi bọ́ sórí tábìlì. Mo ní tábìlì ló wọ́. Lọ́jọ́ kan ní Kọ́sítéènì, mo fi dígí apá òsì tánkà mi fọ́ dígí onítírélà kan. Mo bọ́ sílẹ̀, mo bú bàbá náà títí ó fi ń bẹ̀ mí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo tó mọ̀ pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi. Níbikíbi tó bá wà, kó má bínú.

Ìyàwó mi ló tú àṣírí náà. Rísíkátù ló ń jẹ́, bọ́tìnnì àti síìpù ló ń tà ní Tejúoṣó, kò sì sí ohun tó kéré jù fún ojú rẹ̀. Ó gbé ẹ̀bà fún mi ní ọ̀sán Sunday kan. Mo jẹ ẹ́ dé ìdajì, inú bí mi.

"Rísíkà, ṣé ẹran ti wá wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin á máa jẹ ẹ̀bà lásán nínú ilé ara rẹ̀?"

"Bàbá Kàmọ́rù, mẹ́ta tó wà nínú abọ́ yẹn ńkọ́?"

"Abọ́ wo?"

"Àbí ẹ fẹ́ kí n máa mú un sí yín lẹ́nu bí ọmọ tuntun?"

Ó fi ìka kan yí abọ́ náà po. Ẹran mẹ́ta yọ sí mi láti apá òsì bí àlejò tí èèyàn ò retí. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé èmi ò rẹ́rìn-ín, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún mi, ó ní, "Ìka mélòó nìyí?"

Mo ní, "Ìka wo?"

Mo kàn gbọ́ tó ń fa imú.

A lọ sí ọsibítù ìjọba kan ní Yábà. Aago mẹ́fà àárọ̀ la débẹ̀, nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni wọ́n kọ fún wa. Bẹ́ǹṣì kan náà ni gbogbo wa jókòó lé, bí ẹnìkan bá wọlé, gbogbo wa á sún, bí èrò inú mọ́sálásí lọ́jọ́ Jímọ̀. Ọ̀sán pọ́n kó tó kàn mí. Dókítà náà, ọmọdébìnrin tí mo lè bí, fi iná wo inú ojú mi, ó tún fi ẹ̀rọ kan tẹ̀ ẹ́. Ó ní inú ẹyinjú ni omi wà, ọ̀nà tó ń gbà jáde ti dí, omi náà sì ń tẹ iṣan tí mo fi ń ríran pa díẹ̀díẹ̀.

Mo ní, "Dókítà, ẹ ò ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Tánkà kún, fáàfù dí."

Ó rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ó yé yín ju àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ níbí lọ."

Inú mi dùn. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́: wọ́n ń sọ fún mi pé ojú mi ń kú, èmi ń yọ̀ pé mo gbọ́n. Ó ní glọkómà ni wọ́n ń pè é. Ó ní èyí tó ti lọ kò ní padà, ṣùgbọ́n èyí tó kù, a lè dì í mú. Oògùn kíkán sójú láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, mi ò gbọ́dọ̀ fo ọjọ́ kan, títí tí mo bá fi wà láyé. Ó wá béèrè iṣẹ́ mi.

Mo ní, "Bọ́tìnnì ni mò ń tà."

Rísíkátù yíjú sí mi. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún yín, kí ẹ má bàa rò pé òpùrọ́ ni wọ́n bí mi. Ní ibi iṣẹ́ wa, awakọ̀ tí ojú rẹ̀ bá ti ní àbùkù, ilé ni wọ́n ń ní kó máa lọ. Wọn kì í wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Mo mọ ẹnìkan tí wọ́n ní kó lọ sinmi díẹ̀ nítorí ojú. Ó ṣì ń sinmi di òní, owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò sì tíì jáde. Èmi tó ku ọdún méjì, ṣé kí n wá fi ẹnu ara mi lé ara mi? Nítorí náà mi ò mú káàdì ìlera tí ìjọba fún mi jáde ní ọsibítù, kí ìròyìn má bàa dé ibi iṣẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ra oògùn. Káàdì kékeré tí ọsibítù kọ orúkọ mi sí, inú páálí fìlà ni mo fi pamọ́ sí.

Àyẹ̀wò ojú ọdọọdún ló wá kù. Kílíníìkì ibi iṣẹ́ wa ni wọ́n ti ń ṣe é. Pátákó lẹ́tà kan wà lára ògiri níbẹ̀, igun rẹ̀ kan ti ya. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ni pátákó náà ti wà níbẹ̀, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Mo lọ jókòó sí ẹ̀yìn kọ́tìnnì láti aago mẹ́jọ, mo ní oorun ń kùn mí. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe ń wọlé kà á, bẹ́ẹ̀ ni mo ń gbà á sórí. Mo sọ ọ́ dorin. E! F, P! T, O, Z! Èmi tí mi ò lè ka ìwé ìròyìn dé ìsàlẹ̀, mo há odidi pátákó sórí kí ilẹ̀ tó ṣú, mo sì ń kọ ọ́ nínú tánkà láti Muṣin dé Òtò.

Nígbà tó kàn mí lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì ní kí n bo ojú ọ̀tún. Mo bò ó. Ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni mo rí, mi ò rí lẹ́tà kankan. Mo ka gbogbo rẹ̀ láìkọsẹ̀.

"Háà! Àdìsá, ojú àṣá lẹ ní o!"

Mo ní, "Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ni?"

Ọdún méjì ni mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn kí n máa fọ́nnu, ṣùgbọ́n ti ìyẹn kò ṣeé fi fọ́nnu. Ojú ọ̀tún nìkan ni mo fi wa tánkà láàárín ọmọ ọlọ́mọ. Ọlọ́run ló bá mi ṣọ́ gbogbo àwọn tó wà lápá òsì.

Láàárín ìgbà yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé. Àǹtí Mulíkà ń gbé Òtò, òun ni wọ́n bí mi tẹ̀lé, kò sì sí àìsàn tí kò ní oògùn rẹ̀ nínú báàgì. Ó gbé oyin tí ó fún omi àlùbọ́sà sí wá, ó ní kí n gbójú sókè.

"Àdìsá, dókítà ò mọ ojú. Kí la fi tọ́jú ojú ìyá wa?"

Mo ní, "Àǹtí, ojú ìyá wa fọ́."

"Nítorí pé kò lò ó tán ni!"

Èèyàn kì í bá Àǹtí Mulíkà jiyàn kó jẹun. Mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, ojú mi wú bíi tòmátì. Dókítà fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ bú mi dé egungun. Ó wá béèrè bóyá ẹnìkan fọ́jú nílé wa rí. Mo ní ìyá mi. Ó ní inú ẹbí ni àìsàn yìí máa ń rìn, kí n kó gbogbo ọmọ mi wá fún àyẹ̀wò. Ẹ̀yin tí ìyá tàbí bàbá yín fọ́jú tó fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì pé. Wọ́n fún mi ní aago ògiri, wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo sọ fún Rísíkátù pé ìyà ti tán: ní báyìí tí kò sẹ́ni tó lè lé mi mọ́, màá mú káàdì ìlera mi jáde ní gbangba. Dókítà ti ní oògùn nìkan kò tó mọ́, kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ láti la ọ̀nà fún omi inú ojú náà, kí ojú méjèèjì tó lọ. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo wọ agbádá lọ sí ọsibítù. Mo ti káàdì sábẹ́ wíńdò. Akọ̀wé yẹ̀ ẹ́ wò, ó tì í padà.

"Bàbá, káàdì yín ti kú."

"Ẹni tó ni káàdì dúró síwájú rẹ, ìwọ ń sọ pé káàdì kú?"

"Ọjọ́ tí ẹ fẹ̀yìn tì ló kú, sà."

Obìnrin kan lẹ́yìn mi ní, "Bàbá, ẹ lọ sin ín, kí àwa náà lè dé wíńdò."

Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ojú tì mí ni.

Odidi ọdún márùndínlógójì ni wọ́n fi gé owó fún káàdì yẹn lára mi, àkókò tí mo wá nílò rẹ̀ ni wọ́n sin ín. Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Oṣù mẹ́rìnlá ni mo fi lọ fi bọ̀. "Fáìlì yín wà lórí tábìlì ọ̀gá." Tábìlì wo ni kì í gbé nǹkan sọ̀kalẹ̀? Bọ́tìnnì Rísíkátù ló ń ra oògùn. Ọjà rẹ̀ ń dín, ìgò oògùn náà ń dín. Mo kọ́kọ́ fo ti ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ìgò kan kò kárí ojú méjì mọ́. A jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, èmi àti ìyàwó mi, a ń ronú ojú tí a ó dá sí.

Ó ní, "Ẹ yan èyí tí ẹ fi ń rí mi."

Mo yan ọ̀tún. Kò pé oṣù mẹ́ta tí òsì ṣú pátápátá, tí ṣọ́ọ̀bù Rísíkátù náà sì tì.

Ìgbà náà ni Ẹ̀gbọ́n Akíngbadé wá mi wá. Akọ̀wé ni nígbà tí a jọ wà níṣẹ́, òun náà ló ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àwa fẹ̀yìntì ní Sùúrùlérè. Ó ní wọ́n ti kọ àbá òfin kan. Kí káàdì ìlera òṣìṣẹ́ má kú lọ́jọ́ ìfẹ̀yìntì. Àìsàn tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, kí ìjọba tọ́jú rẹ̀ dópin. Òṣìṣẹ́ tí ara rẹ̀ kò yá, kí wọ́n fún un ní iṣẹ́ mìíràn, kí wọ́n má lé e kí ọdún rẹ̀ tó pé, kí owó ìfẹ̀yìntì sì máa jáde lásìkò. Àwọn aṣòfin ń bọ̀ wá gbọ́ tẹnu wa ní họ́ọ̀lù kan ní Sùúrùlérè. Ó fẹ́ kí n jẹ́ ẹlẹ́rìí.

Ó ní, "Làsísì, ṣé kò sí nǹkan tí o fi pamọ́ fún mi?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú mi mọ́ bí omi tánkà."

Irọ́ ni. Ẹ gbọ́ bó ṣe já.

Họ́ọ̀lù kún lọ́jọ́ náà. Mo sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀ dáadáa, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọnọrébù tó ṣe alága ń kọ̀wé. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù, tí ìjọba rán wá, dìde pẹ̀lú fáìlì lọ́wọ́.

Ó ní, "Alága, ẹ̀dùn ọkàn nìkan lẹ gbọ́. Àyẹ̀wò tí ọkùnrin yìí ṣe gbẹ̀yìn lẹ́nu iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ mi. Ojú méjèèjì dá ṣáṣá. Nọ́ọ̀sì tilẹ̀ kọ ọ́ pé ó mú bíi tàṣá. Lẹ́yìn iṣẹ́ ni ojú rẹ̀ bàjẹ́. Tó bá jẹ́ irú ẹlẹ́rìí tí wọ́n ní nìyí, òfin wo la wá ṣe?"

Ẹ̀gbọ́n Akíngbadé wò mí. Mo rí ojú rẹ̀, mo bá rí i pé òfin náà ti ń ṣubú, èmi ni mo sì tì í. Tó bá ṣubú, kò sí iṣẹ́ abẹ, ojú ọ̀tún mi náà á tẹ̀lé èkejì rẹ̀.

Mo dìde. Mo mú káàdì ọsibítù Yábà jáde lápò, èyí tó ti wà nínú páálí fìlà, mo gbé e síwájú Ọnọrébù. Déètì tó wà lára rẹ̀ ju ọdún méjì lọ ṣáájú ìfẹ̀yìntì mi. Mo ní, "Irọ́ ni fáìlì yẹn. Èmi ni mo pa á."

Mo kẹ̀yìn sí wọn, mo di ojú mi, mo gbóhùn sókè. "E! F, P! T, O, Z! L, P, E, D! P, E, C, F, D!" Mo dé ìlà kẹfà, ó bọ́ lórí mi.

Láti ẹ̀yìn họ́ọ̀lù ni ohùn kan ti dáhùn: "E, D, F, C, Z, P!"

Mo yíjú padà. Bàbá kan tó ti wa ọkọ̀ akódọ̀tí níbi iṣẹ́ wa rí dìde dúró, òun àti ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀. Ẹlòmíràn dìde. Mẹ́rin ni wọ́n, awakọ̀ ni gbogbo wọn, wọ́n jọ fi ohùn kan parí ìlà tó kù, bí ọmọ iléèwé. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́.

Ọkùnrin oníkóòtù ní, "Bàbá, ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ sọ yìí lè kó bá yín?"

Mo ní, "Kí ló kù tó máa kó bá? Kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ mi. Làsísì ni orúkọ mi, má ṣì í kọ. Ká ní òfin tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí ti wà, kí ni mo fẹ́ há pátákó sórí fún?"

Ọnọrébù na ọwọ́. Ó gba fáìlì lọ́wọ́ oníkóòtù, ó fi káàdì mi sáàárín rẹ̀, ó pa á dé, ó fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Àbá náà kò kú lọ́jọ́ yẹn. Kò tíì di òfin o, ó ṣì wà níwájú àwọn aṣòfin, àwa náà ṣì ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Tuesday kìíní oṣù, pẹ̀lú ọ̀pá àti awò ojú wa. Owó ìfẹ̀yìntì mi jáde lóṣù tó tẹ̀ lé e. Òun la fi ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Mo ń rí iwájú mi báyìí bí ẹni ń wo ayé láti inú páìpù, ṣùgbọ́n páìpù náà mọ́. Rísíkátù ló ń kán oògùn fún mi láàárọ̀ nírọ̀lẹ́, ó sì ń ka ẹran fún mi kí n tó jẹun. Wọ́n gba láísẹ́ńsì ọkọ̀ mi, wọ́n sì kọ lẹ́tà sí mi láti ibi iṣẹ́ pé kí n wá sọ ìdí tí mo fi tan ìjọba jẹ. Ẹ̀gbọ́n Akíngbadé bá mi kọ èsì rẹ̀. Èmi àti awakọ̀ mẹ́rin yẹn, àwa márùn-ún la buwọ́ lù ú. Tèmi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà, mi ò tún un ṣe.

Ẹ̀yin tí ojú yín ṣì pé, ẹ bo ọ̀kan lónìí, ẹ fi èkejì wo ògiri. Ẹ bo èkejì. Ẹ má fi oyin sí i. Ẹ má parọ́ fún dókítà. Ẹ sì bá wa dé ibi tí wọ́n ti ń ṣòfin, nítorí ọjọ́ kan ni ẹ̀yin náà á gba aago ògiri.

Ohun tó lọ nìyí, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì: oṣù mẹ́rìnlá. Ṣọ́ọ̀bù kan ní Tejúoṣó. Láísẹ́ńsì ọkọ̀ kan. Ojú kan àti ààbọ̀.